Àìríṣẹ́ṣe ní Èkó àti Ògùn: báwo ni 33.3 ṣe di 4.3, iṣẹ́ wo la sì lè fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa?

Ọmọ Ìgbẹ́sà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ kọ ìwé sí káńsù Adó-Odò/Ọ̀tà pé kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní ká mú ẹ̀rí wá. Ìwé ìròyìn kan sọ pé ìdá 33.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́ ní Nàìjíríà, òmíràn sọ pé 4.3. Èwo ni ká gbà? Ǹjẹ́ iye ti ìjọba ìbílẹ̀ wa wà níbì kan? Iṣẹ́ wo ni wọ́n sì ń wá ènìyàn sí láti Agbára dé Ṣágámù báyìí? Ẹ ṣeun o.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ọwọ́ NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ni iye méjèèjì ti jáde. Ti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020 ni 33.3. Ti oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún 2024 ni 4.3. Ní 2023 ni wọ́n pààrọ̀ òṣùwọ̀n.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ṣe wákàtí 20 sí 39, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó. Ẹni tó bá ṣe 40 sókè ló níṣẹ́ tó péye. Ẹni ọdún 15 sí 64 nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ní báyìí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà tí ìpàdé àwọn oníṣirò lábẹ́ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fẹnu kò sí ní 2013: ẹni tó bá ti fi wákàtí kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè láàárín ọjọ́ méje ti níṣẹ́. Kí wọ́n tó kọ ènìyàn sí aláìríṣẹ́, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kò ṣe iṣẹ́ kankan lọ́sẹ̀ náà, ó wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá pè é. Wọ́n tún yọ òpin ọdún 64 kúrò.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àìríṣẹ́ṣe ti wálẹ̀ láti 33.3 sí 4.3. Ẹni tó fi kóńgò wọn ìrẹsì lánàá, tó wá fi dẹ̀rìká wọ̀n ọ́n lónìí, kò lè sọ pé ìrẹsì ti pọ̀ tàbí pé ó ti dín. Iye tí ẹ lè fi wé ara wọn ni àwọn tó wà lábẹ́ òṣùwọ̀n tuntun: 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 4.2 ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà, 5.0 ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, 5.3 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, lẹ́yìn náà 4.3. Àsìkò kan náà ni kí ẹ máa fi wé ara wọn. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà 2023 jẹ́ 4.2, ti 2024 jẹ́ 4.3. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀.

Iye tó wúlò jù fún yín kò sì sí nínú 4.3 yẹn rárá. Ẹ jẹ́ ká mú 1,000 ènìyàn tó ti pé ọdún 15 sókè, ká fi iye oṣù kẹrin sí ìkẹfà 2024 pín wọn. 795 ló wà nínú agbo òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń wá a. Nǹkan bí 34 nínú wọn ni aláìríṣẹ́, 761 ń ṣiṣẹ́. Ìdá 85.6 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe tara wọn, ìyẹn nǹkan bí 651. Àwọn tí ẹlòmíràn ń sanwó iṣẹ́ fún kù sí nǹkan bí 110. Ìdá 93 nínú 100 gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kò ní àkọsílẹ̀ àti ààbò tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 70 sì ni iṣẹ́ wọn kò pé wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ sí i.

110 nínú 1,000 yẹn ni kí ẹ gbé síwájú káńsù. Òun ló sọ ohun tójú ń rí.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ kò sí. Ilé 35,520 ni wọ́n ń bẹ̀ wò lọ́dún. Ẹ pín in sí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, 960 ló kan ìkọ̀ọ̀kan lọ́dún, 240 láàárín oṣù mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ògùn, a jẹ́ pé ilé 12 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pín in dọ́gba. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní iye àìríṣẹ́ṣe Adó-Odò/Ọ̀tà láti inú ìwádìí yẹn, àfojúbù ló ṣe.

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà

Mo gbọ́ tiyín, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ wákàtí kan yẹn kò wọ̀ mí létí. Ẹni tó ta ẹ̀kọ díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kò yẹ kó wà lójú ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gba owó oṣù. Ìjọba yóò kàn gbé 4.3 sókè, wọn yóò ní gbogbo ènìyàn ti níṣẹ́.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ ò jẹ̀bi, màmá. Ẹ̀rù tó ń bà yín ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: kò sí owó tí ìjọba ń san fún aláìríṣẹ́ níbí. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè jókòó oṣù mẹ́fà kó máa wáṣẹ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ti máa ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, yóò ti máa gun ọ̀kadà, yóò ti máa bá wọn ru búlọ́ọ̀kù. Nítorí náà àìríṣẹ́ṣe máa ń kéré lójú ìwé níbi tí ọwọ́ bá ti dín. Bákan náà ló rí ní Benin àti Togo. Àbùkù òṣùwọ̀n àtijọ́ ni pé ó da ẹni tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe, bẹ́ẹ̀ oògùn àwọn méjèèjì kò jọra. Ọ̀kan ń fẹ́ owó òwò tàbí oníbàárà púpọ̀ sí i, èkejì ń fẹ́ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Iye mẹ́ta ni kí ẹ máa kọ pọ̀ nígbà gbogbo: àìríṣẹ́ṣe, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó, àti ìdá àwọn tó ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan ṣoṣo jáde, ẹ bi í léèrè méjì tó kù.

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà

Ó dáa, mo gba ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta.

Láti 2023 ni ọ̀nà Agbára, Ọ̀tà àti Ṣágámù ti yí padà. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, náírà já bọ́ ní oṣù kẹfà. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ohun èlò láti òkè òkun ló kọ́kọ́ fara gbá a. GSK, ilé iṣẹ́ olóògùn, kéde ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé òun ń kógbá sílé, P&G, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ilé, náà kéde ní oṣù kejìlá pé òun kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, pé kíkó wọlé ni yóò kù. Tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dúró, kì í ṣe àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ nìkan ló ń pàdánù. Awakọ̀ tírélà, ẹni tó ń ṣe páálí, ìyá olóúnjẹ lẹ́nu géètì àti onílé tó gba àwọn káṣúà sílé ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó wọ ìwé nínú wọn. Àwọn tí ohun èlò wọn wà nínú ilẹ̀ tiwa, bí símẹ́ńtì Ewékorò àti Ìbẹ̀ṣè, kò gbára lé ọkọ̀ òkun tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ káṣúà kò ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ń fẹ́ ẹ ló pọ̀ jù. Ó máa ń gbèrú láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá nítorí ọjà ọdún, wọ́n á sì tú wọn ká ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹ má fi iye oṣù kejìlá sọ pé nǹkan ti sunwọ̀n.

Àyè tó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni dí i ni èyí: oníṣẹ́ iná ilé iṣẹ́ tó mọ PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ), ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ìdì ọjà ṣe láì pe ẹnikẹ́ni láti òkè òkun, awakọ̀ forklift (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) tó ní ìwé ẹ̀rí, onítọ́jú boiler (ẹ̀rọ tó ń se omi di ooru), wẹ́dà tó mọ páìpù àti stainless (irin tí kì í dípẹtà). Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní OND ẹ̀rọ ń bọ̀ wá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọwọ́, nítorí wọn kò tíì di multimeter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iná, mú rí. Ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ wọn, kì í ṣe bí a ṣe ń kọ CV.

Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Ká ní ilé iṣẹ́ ń san 70,000 náírà fún ọjọ́ 26. Tí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ 1,500 lójúmọ́, 39,000 ti lọ, 31,000 ló kù, oúnjẹ kò tíì sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi ń kọ iṣẹ́ tó jìnnà, tí àwọn àgbà sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni wí, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yẹn.

Ọ̀gá Wẹ́dà Ṣágámù

Màmá ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi kún un lórí wẹ́dà, torí òun ni gbogbo káńsù máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Wẹ́dà géètì pọ̀ ju ilé tó ń fẹ́ géètì lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, iṣẹ́ kíkọ́ gba ọ̀kẹ́ àìmọye wẹ́dà, fítà àti oníkọnkéré. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ẹni tí ilé ìfọpo ń lò láti ṣiṣẹ́ kò tó ẹni tó ń kọ́ ọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá: wọn yóò tú òṣìṣẹ́ sílẹ̀ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ yóò bá ọ̀gá tó ti ṣe páìpù du iṣẹ́ géètì.

Ibi tí ètò káńsù ti ń bàjẹ́ rèé. Wọ́n á ra ẹ̀rọ kan fún ọmọ 30. Tí iná bá wà fún wákàtí mẹ́fà, ìṣẹ́jú 12 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ọwọ́ kò lè mọ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà sí ẹ̀rọ kan ni ó pọ̀ jù, kí olúkúlùkù rí wákàtí kan. Electrode 7018, irú ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ tó lágbára kì í fẹ́ omi rárá. Tí páálí rẹ̀ bá wà ní ilẹ̀ láàárín òjò, ojú iṣẹ́ yóò ní ihò wínníwínní, tàbí kó là lẹ́yìn tó ti tutù. Ọmọ yóò rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Kí wọ́n ra ààrò tí wọ́n fi ń yan án, tàbí kí wọ́n máa ṣí páálí kékeré tí yóò tán lọ́jọ́ kan. Kí ẹ̀kọ́ má sì parí síbi irin pẹlẹbẹ: kí wọ́n kọ́ páìpù títí dé 6G, tí páìpù wà ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí kò ṣeé yí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń dán ènìyàn wò.

Kí wọ́n sì fi owó trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sínú owó ètò náà. Ipele kẹta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gòkè sí ìkejì àti ìkínní. Ìwé fírídọ́ọ̀mù ọ̀gá dára, àmọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ní Agbára kò mọ ọ̀gá yẹn.

Ẹ̀ka kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ: onítáìsì àti oníPOP, àwọn tó ń ṣe àjà ilé alárà. Ará Benin àti Togo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é dáadáa ní Èkó. Nígbà tí náírà já, owó tí wọ́n ń kó lọ sílé ní CFA, owó ìlú wọn, di kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó ti wẹ́dà lówó.

Agbẹjọ́rò Òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí ìwé yín ní ojú ewé kan lórí òfin, torí ẹni tó ríṣẹ́ tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò tún padà sẹ́nu géètì.

Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè jẹ́ 70,000 láti oṣù keje 2024, wọn yóò sì máa tún un wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Èkó kéde 85,000 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, Ògùn 77,000. Ṣùgbọ́n òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó tún yọ àwọn tó ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù tàbí tí wọ́n ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí iye ohun tí wọ́n ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pín òṣìṣẹ́ wọn sábẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ kéékèèké. Ẹ béèrè ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó, wákàtí iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè yà. Ìkìlọ̀ kí wọ́n tó dá ènìyàn dúró: ọjọ́ kan bí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bó bá ti lé oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ máa san owó ìfẹ̀yìntì: ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò rí òmíràn, lè gba tó ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìwé ìdádúró tàbí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó kàn jáde láìgba ìwé yóò pẹ́ kó tó rí owó náà. Ẹ gba ìwé yín lọ́jọ́ tí ẹ ń jáde, kódà bí ìjà bá wà.

Nípa àwọn tó ń gba "owó fọ́ọ̀mù": kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ilé ìbániwáṣẹ́ agbowó sílẹ̀ láìgba àṣẹ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ hàn, kí ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ sanwó kó tó sọ orúkọ ibi iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìgbẹ́sà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Níwọ̀n bí kò ti sí iye ti ìjọba ìbílẹ̀, ṣé àwa fúnra wa lè kà á ní wọ́ọ̀dù kan? A ó rí ènìyàn mẹ́wàá tó lè yọ̀ọ̀da ara wọn.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ lè kà á. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí wọ́ọ̀dù náà ká, kí ẹ to gbogbo ilé lẹ́sẹẹsẹ. Tí ilé bá jẹ́ 1,000 tí ẹ fẹ́ 200, ẹ mú ọ̀kan nínú márùn-ún. Ẹ mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 5 nínú fìlà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa fò márùn-ún márùn-ún. Tí ẹ kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, ẹ padà lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ padà lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ má yà sí ilé kejì, torí ilé tí ẹ bá ènìyàn ní ọ̀sán ni ilé aláìríṣẹ́, iye yín yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbéèrè ni ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù. Tí ẹ bá bi ènìyàn pé "Ṣé ẹ níṣẹ́?", iṣẹ́ ọ́fíìsì ló máa wá sọ́kàn rẹ̀. Obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá láti àárọ̀ dalẹ́ yóò ní òun kò níṣẹ́, òwò lòun ń ṣe. Ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó ń wa ọkọ̀ Bolt yóò ní òun ń wáṣẹ́. Báyìí ni kí ẹ bi wọ́n, kí ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ gan-an:

"Láti ọjọ́ méje sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹ ṣe ohunkóhun tó mú owó tàbí èrè wá, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan? Ǹjẹ́ ẹ bá ará ilé yín ṣe òwò rẹ̀ láìgba owó? Ǹjẹ́ ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ kò lọ nítorí àìsàn tàbí ìsinmi?" Tí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó níṣẹ́. Ẹ béèrè wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má béèrè àròpọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹnu máa ń sọ 40 ṣáá. Ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó fún un, àti bóyá ó ní ìwé. Tí gbogbo ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ béèrè ohun tó ṣe láti wá iṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ta ló bá sọ̀rọ̀, ibo ló lọ. Lẹ́yìn náà, bóyá ó lè bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá pè é.

Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sanwó fún, ẹ yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe ẹni tó níṣẹ́ lábẹ́ ìlànà tuntun. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ fún jíjẹ ilé náà ń lọ sọ́tọ̀. Tí títà bá ni ó fi gbìn ín, ó níṣẹ́. Ẹni tó rẹ̀ láti máa wáṣẹ́ kò ní wọ iye aláìríṣẹ́, torí náà ẹ ní kókó kan fún un nínú fọ́ọ̀mù. Àwọn yẹn gan-an ni ètò yín ń wá.

Tí ilé 200 bá fún yín ní nǹkan bí ènìyàn 450 nínú agbo òṣìṣẹ́, tí iye àìríṣẹ́ṣe yín sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ẹ kọ ọ́ pé ó wà láàárín nǹkan bí 2 sí 8. Tí ti wọ́ọ̀dù kejì bá jẹ́ 6, ẹ má sọ pé ó burú jù. Àmọ́ ìdá àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ àti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó yóò yé yín dáadáa, torí ènìyàn tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ẹ kà á láàárín oṣù karùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ méjì pàtó, kí ẹ tún un kà ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ sí òkè gbogbo fọ́ọ̀mù, ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ ènìyàn.